Ìdúpẹ́ Tí A Kò Lè Ṣe

Ọmọ aládùúgbò mi ní Ìwó kò sunkún mọ́, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó gbé obìnrin náà wá sílé mi lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì nìyẹn.

“Màmá Tíṣà, ẹ máa bá wa jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú o. Ọmọ yín ti ń rẹ́rìn-ín!”

Mo ní, “O kú oríire.” Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí ọmọbìnrin náà fi yunifásítì sílẹ̀ nítorí pé ó fìdí rẹmi ló ti ń tilẹ̀kùn mọ́rí, tí oúnjẹ kì í wù ú. Kí ló wá yí padà?

“Ó ti wá lawọ́ gan-an,” ni ìyá rẹ̀ ń sọ lọ. “Ó kó gbogbo bàtà rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Fóònù rẹ̀ pàápàá, ó ní òun ò nílò rẹ̀ mọ́.”

Bí ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ló rí létí mi. Mo dìde, mo sì tẹ̀ lé e lọ sílé.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ọmọ mi, ṣé o ń ronú àtipa ara rẹ ni?”

“Hà!” Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. “Màmá, ẹ má fẹnu yín pè é! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

“Jọ̀ọ́, dá àdúrà yẹn dúró ná. Bí mo ṣe béèrè kọ́ ló máa gbé e sí i lọ́kàn. Jẹ́ kó dáhùn.”

Ọmọ náà kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dúpẹ́ tán ni. Inú wọn ń dùn.”

Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà títí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a pè fi dé. A fi í sáàárín wa títí dé ilé ìwòsàn, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ dá wà.

Lọ́jọ́ Àìkú, a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé ìwòsàn nígbà tí fóònù ìyá rẹ̀ dún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni: ṣé ẹ ti ń bọ̀, ìdúpẹ́ ti fẹ́ kàn yín o! Obìnrin náà na fóònù sí mi. Mo gbà á. Mo pa á.

Ọmọ náà yíjú sí ògiri. “Ẹ ò bá ti fi mí sílẹ̀, mà.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò di tèmi mú. Mi ò fi í sílẹ̀.