Ìró Ọ̀kadà Lẹ́yìn Kọ́ọ̀nà Kuta

Hàbíbátù kò mọ ọkọ̀ wà, kò sì rò ó rí pé iṣẹ́ ojú títì lè kan òun. Kéwú ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní Ìwó. Ààfáà ni baba tó bí i, àwọn ìyàwó ilé àdúgbò a sì máa wá bá a lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kí ó lè kọ́ wọn ní Kùránì níwọ̀nba èyí tí òun náà mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún un ni Abdulhafeez, tó ń fi ọ̀kadà ná ọ̀nà Ìwó sí Kuta. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti gbé ọ̀kadà wọ àgbàlá ni ọkàn ìyá rẹ̀ kò ti wá sílẹ̀ mọ́. Bí ó bá jáde, ìyá a ṣàdúrà tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ìyá a bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí ìta bí ẹni tí ẹnì kan ń pè.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé sí ìlú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ gbogbo ọ̀nà tó so Ìwó pọ̀ mọ́ Olúpọ̀nnà, Kuta àti àwọn ìlú tó yí wọn ká wò, kí àwọn lè mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń há àti ibi tí ọkọ̀ ti ń pa èèyàn, kí àwọn tó ń ṣètò ọ̀nà fún gbogbo agbègbè náà lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Wọ́n ń wá àwọn ọmọ ìlú tó lè jókòó sójú kan láìjẹ́ pé ọkàn wọn ń lọ síbòmíràn. Lemọ́mù àdúgbò ló dárúkọ Hàbíbátù fún wọn. Adédayọ̀ ni olórí wọn, ẹnjiníà kan tí kì í gbé ohùn sókè, tó sì máa ń kúnlẹ̀ sórí orúnkún kan bí ó bá fẹ́ ṣàlàyé nǹkan fún ẹni tó bá jókòó.

Oríta ọjà Odò-Orí ni wọ́n kọ́kọ́ fi Hàbíbátù sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ka ọkọ̀ tó ń kọjá, kí ó sì máa wo bí ó ti ń pẹ́ tó kí ọkọ̀ kan tó rí ọ̀nà lọ. Ojú rẹ̀ rí nǹkan níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yóò ti imú bọ àárín ọkọ̀ méjì, ọ̀kadà yóò gba orí pèpéle ọlọ́jà kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù yóò dábùú ọ̀nà, gbogbo wọn yóò wá máa fọn fèrè lé ara wọn lórí. Ẹ̀rù ń bà á fún gbogbo ẹni tó bá gbé ọmọ pọ̀n kọjá.

"Ẹnjiníà, ibí yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe o," ó sọ fún Adédayọ̀. "Ibí yìí ló máa pa èèyàn."

Adédayọ̀ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. "Ìyá Hafeez, ibí yìí ń bí èèyàn nínú ni. Ẹ wò wọ́n, ta ló ráyè sáré nínú wọn? Bí kẹ̀kẹ́ bá gbá ẹnì kan níbí, wọn á bú ara wọn, wọn á sì túká. Ibi tí ọ̀nà ti ṣófo, tí ẹnikẹ́ni kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára Hàbíbátù mọ́. Ọ̀nà tó ṣófo ni ọmọ rẹ̀ ń gbà lójoojúmọ́.

Ìgbà tí wọ́n parí ti Odò-Orí, wọ́n gbé e lọ sí ojú ọ̀nà Kuta, sábẹ́ igi kaṣú kan tí kò jìnnà sí kọ́ọ̀nà. Adédayọ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọkọ̀. Ó dà bí ìbọn. Bí èèyàn bá kọjú rẹ̀ sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, òǹkà eré tí ọkọ̀ náà ń sá á jáde lójú rẹ̀. Ẹnjiníà fi òǹkà kan hàn án, ó ní bí ọkọ̀ tó ń sá eré tó bẹ́ẹ̀ bá gbá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ó ṣòro kí ẹni náà tó yè é.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí ẹ̀rọ náà fi já a láyà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kún fún gbágùúdá ń fà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kadà kan sì yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ya bàrá sí òdìkejì ọ̀nà, ó ń sáré lọ sí ẹnu kọ́ọ̀nà níbi tí kò ti lè rí ohun tó ń bọ̀. Hàbíbátù kọjú ẹ̀rọ sí i. Òǹkà tó jáde ju èyí tí ẹnjiníà fi hàn án lọ fíìfíì. Kí ó tó gbé ojú sókè, ọlọ́kadà náà ti mọ̀ ọ́n. Ó tú ọwọ́ kan sílẹ̀, ó juwọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Abdulhafeez ni.

Ó kọ òǹkà náà sílẹ̀ láàárín àwọn yòókù.

Kò lè dúró kí ọmọ jẹun tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Hafeez, ṣé o fẹ́ kí n sin ọ́ ni?"

"Ẹ̀ẹ́, Mọ́mì! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo rí ọ. Ẹ̀rọ náà sì rí ọ."

"Mọ́mì, bí mo bá ń rọra lọ, ta ló máa gun ọ̀kadà mi? Èrò ló ń sọ pé ká yára. Ẹni tó bá ń fà bí ìgbín, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni, wọ́n á gun ti ẹlòmíràn. Mo mọ ọ̀nà yẹn dénú."

Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e ló ti ń rọra. Yóò kọjá lábẹ́ igi kaṣú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, yóò kí ìyá rẹ̀, yóò sì yà lọ. Inú Hàbíbátù dùn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí ọmọ bá ti wọ inú kọ́ọ̀nà tán, tí igbó ti bò ó, ìró ọ̀kadà a yí padà. Yóò ké, yóò sì máa ké sí i títí tí etí kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé ẹ̀yìn kọ́ọ̀nà, etí rẹ̀ nìkan ló ń dé ibẹ̀.

Ó lọ bá Adédayọ̀ pé kí ó gbé òun kúrò níbẹ̀. Ẹnjiníà ní kò burú, òun á wá ẹlòmíràn. Ìgbà tí Hàbíbátù délé tó rò ó wò, ó ní òun yóò kúkú dúró. Kí ó máa fi etí gbọ́ ìró náà níbẹ̀, àti kí ó jókòó sílé kí ó máa fi ọkàn gbọ́ ọ, èwo ló sàn nínú méjèèjì?

Ọjọ́ ọjà Kuta ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Abdulhafeez gbé ìyá àgbà kan kọjá, ìyá náà di ẹrù mọ́ àyà, gèlè rẹ̀ bo etí. Wọ́n kí Hàbíbátù. Wọ́n wọ kọ́ọ̀nà. Ìró ọ̀kadà ké bó ti máa ń ké, ó jìnnà, kò sì dún mọ́.

Hàbíbátù ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó yá, ó rí i pé kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀ láti apá Kuta. Ọjọ́ ọjà, kí ọ̀nà náà dá wáí! Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ sì ń wọ kọ́ọ̀nà, wọn kò lọ mọ́. Ìdí ọkọ̀ kan tó dúró yọ ní ẹnu kọ́ọ̀nà, òmíràn tò sẹ́yìn rẹ̀, títí tí ọkọ̀ fi há dé iwájú igi kaṣú, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í há. Ọlọ́kadà kan gba ẹ̀gbẹ́ igbó yọ.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níwájú?" Hàbíbátù béèrè.

"Ọ̀kadà ló ṣubú, Ìyá. Ó gbé ìyá àgbà kan."

"Ta ló wà á?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n o. Ọ̀dọ́ ni."

Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí àga. Ó ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkọ̀ náà kọjá, bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò yà mú un. Ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, kò sì mọ̀ pé òun ń pariwo. Nígbà tó dé ibi tí èrò pé sí, ó rí Abdulhafeez tó jókòó sílẹ̀, ìgbúnwọ́ rẹ̀ bó, ó ń wo iwájú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ìyá àgbà náà wà lórí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sí etí títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tẹ̀ lọ́nà tí ẹsẹ̀ kì í gbà tẹ̀. Kò sunkún. Ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ ni.

Adédayọ̀ tó ti gbọ́ sáré dé, ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi gbé ìyá náà lọ sí ọsibítù ní Ìwó, Hàbíbátù àti ọmọ rẹ̀ sì bá wọn lọ. Àtọ́kẹ́ ni orúkọ ìyá náà. Kò pẹ́ tí ọmọ rẹ̀, Ògúnkúnlé, fi dé ọsibítù láti oko, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Báwo ló ṣe jẹ́?" ó bi Abdulhafeez.

"Tìpá kan ló lé wa kúrò lọ́nà, ẹ̀gbọ́n. Kò tilẹ̀ dúró."

Hàbíbátù fa ọmọ rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìn ògiri. Kò bá a jà. "Abdulhafeez, mo máa ń gbọ́ ọ," ó wí. "Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́yìn kọ́ọ̀nà. Tìpá wo?"

Ọmọ náà fi ọwọ́ bojú, ó bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ló padà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Ògúnkúnlé.

"Irọ́ ni mo pa, ẹ̀gbọ́n. Kò sí tìpá. Ewúrẹ́ ló já wọ títì, eré mi ti pọ̀ jù, mi ò lè dúró."

Ògúnkúnlé gbé ọwọ́ sókè. Hàbíbátù kúnlẹ̀ sáàárín wọn. Ọwọ́ náà dúró lókè fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ gbé e kúrò níwájú mi," ó wí. "A máa pàdé ní àgọ́ ọlọ́pàá."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, Hàbíbátù á rò pé ọlọ́pàá ni. Ọmọ rẹ̀ kì í jáde, kì í jẹun dáadáa. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba parí, Adédayọ̀ sì wá dágbére. Ó ní àwọn ti kọ ọ́ sínú àbọ̀ ìwádìí pé kí wọ́n ṣe bọ́ǹpù tí yóò máa dín eré ọkọ̀ kù sí ìhà méjèèjì kọ́ọ̀nà, kí wọ́n sì gé igbó tó bò ó.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa ṣe é?" Hàbíbátù béèrè.

Ẹnjiníà wo ilẹ̀. "Ìyá Hafeez, mi ò lè purọ́ fún yín. Mi ò mọ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Ògúnkúnlé kan ilẹ̀kùn. Hàbíbátù wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí ọlọ́pàá.

"Ìyá mi ló ní kí n wá," ó sọ, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i. "Wọ́n fẹ́ rí ọmọ yín."

Wọ́n bá a lọ sí Kuta. Àtọ́kẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú símẹ́ǹtì funfun. Ó wo Abdulhafeez tó dọ̀bálẹ̀, ó wò ó títí.

"Wọ́n ní kí n máa wá sí ọsibítù kí wọ́n lè máa yẹ ẹsẹ̀ yìí wò," ó ní. "Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń wá síbí pé àwọn á máa gbé mi lọ. Ọ̀kan ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun ò ṣubú rí, pé ẹ̀rù ọ̀nà kì í ba òun. Mo ní kó máa lọ. Ìwọ, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí, Ìyá. Ó ń bà mí gan-an."

"Ó dáa. Ìwọ ni wàá máa gbé mi."

Ògúnkúnlé pòṣé, ó wọlé lọ, ṣùgbọ́n kò sọ pé rárá.

Abdulhafeez yá kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ lọ, Hàbíbátù fẹ́ bá a lọ, ọmọ ní kí ó jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun dá lọ. Ó jókòó, ó dìde. Ó gbálẹ̀ tó ti gbá. Ó mú fóònù láti pè é, ó rántí pé òun fúnra òun ló sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé fóònù bí ó bá ń wa kẹ̀kẹ́, ó gbé e sílẹ̀. Oòrùn gòkè. Ó yẹ kí wọ́n ti dé.

Fóònù dún. Ohùn Àtọ́kẹ́ ni.

"Ìyá Hafeez, a ti dé ọsibítù o. Ọmọ rẹ rọra débi pé oorun gbé mi lọ."

"Alhamdulilai," Hàbíbátù wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àfi bí ó ti rántí pé wọ́n ṣì máa gba kọ́ọ̀nà náà padà lọ sí Kuta.