Yìgì Tí Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ So ní Basin

Àfáà inú fíìmù ni mí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ọkọ̀ wíwà ní Ọ̀fà Garage. Irùngbọ̀n mi ló gba iṣẹ́ náà, èmi kàn ń tẹ̀ lé e lọ ni. Ó gùn débi pé òbúkọ kan rí i ní àdúgbò Basin, ojú tì í, ó yà sí kọ̀rọ̀. Wàláì, ẹ bi wọ́n níbẹ̀.

Basin náà la ti ń ya eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín kan: ọ̀rẹ́ méjì tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn, àfi àwọn fúnra wọn. Ìdáyà àti Kàmálù ló ṣe ọ̀rẹ́ méjèèjì. Ọ̀rẹ́ gidi náà ni wọ́n, láti ilé kéwú. Wọn a jọ jẹun, wọn a sì bú ara wọn yó. Tísà Samúẹ́lì, ará Ọ̀mù-Àrán, ló ṣe bàbá ìyàwó.

Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n so yìgì wọn ní ìparí eré. Wọ́n kọ orúkọ inú eré fún mi: Sádíà àti Múfú. Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, kéwú mi kò sì kọjá ibi tí wọ́n ti ń pín sàráà. Bí iná kámẹ́rà ṣe tàn sí mi lójú, orúkọ inú ìwé fò lọ. Orúkọ àbísọ wọn gan-an ni mo pè, tòun ti orúkọ bàbá oníkálukú. Tísà fa ọmọ fọ́kọ. Kàmálù ní òun gbà. Ẹlẹ́rìí jókòó, gbogbo wa ṣe àmí.

Ìdáyà fò dìde.

"Bàbá, orúkọ ta lẹ pè yẹn?"

"Tiyín ni."

"Súbúhánáláì! Ṣé wọ́n ń fi yìgì ṣeré ni? Mo ti di ìyàwó Kàmálù nìyẹn!"

"Ṣé ìyà ni mo fi jẹ ọ́?" Kàmálù ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Panu mọ́, ọkọ òjijì!"

Ṣùgbọ́n omi ti lé sí i lójú. Bí yìgì náà bá dúró, àfi kí Kàmálù kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kí ni Ìdáyà máa wá sọ fún bàbá rẹ̀? Pé òun ti lọ́kọ, ọkọ sì ti kọ òun sílẹ̀ kó tó di ọ̀sán?

Mo kó wọn sọ́kọ̀, ó di ọ̀dọ̀ àfáà tó kọ́ wọn ní kéwú. Èmi kò sáré o. Títì ló ń sáré, èmi jókòó jẹ́ẹ́.

Àfáà gbọ́ tán, ó ní, "Ta ló fa ọmọ fọ́kọ?"

"Tísà Samúẹ́lì."

"Samúẹ́lì? Bàbá rẹ̀ ló rán an?"

"Bàbá rẹ̀ ò gbọ́ rárá."

Àfáà bú sẹ́rìn-ín. "Láìsí bàbá rẹ̀ tàbí ẹni tó rán, kò sí yìgì. Ariwo lẹ kàn pa. Ìwọ onírùngbọ̀n, dúró dè mí."

Ẹ̀mí mi padà wálé. Ìdáyà mí kanlẹ̀: "Alihamudu lilai!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Kàmálù tó ń wo bàtà rẹ̀.

"Àfáà, tí bàbá rẹ̀ bá wá wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Ìdáyà wò ó títí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò bú u.

"Ṣé o ò mọ ilé wa ni?"

Lẹ́yìn ààwẹ̀, bàbá rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ fa ọmọ fọ́kọ. Wọ́n pè mí, wọ́n fi mí sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìrẹsì. Ìdáyà ti kìlọ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ ẹnikẹ́ni."

N kò lanu. Irùngbọ̀n ni mo fi ṣe àmí.