Ilẹ̀ Pálọ̀ Tó Fẹ́ Lé Àna Mi Padà sí Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò. Ó ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kìn-ín-ní ọdún yìí, nínú ilé wa ní Laurelton, ní Queens, lókè òkun níbí. Sínóò ti bo ojú títì. Fọlákẹ́ ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ. Màmá, ìyá rẹ̀ tó wá láti Ìbàdàn nítorí ọmọ tí a ń retí, ti gbé báàgì rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Ó ní òun ń lọ sílé. Ó ní otútù ilẹ̀ ilé wa ń bu òun jẹ lẹ́sẹ̀, orúnkún òun kò sì lè gbà á mọ́.

Ilẹ̀ wo ló ń sọ? Ilẹ̀ tí mo dìídì ti iná bọ abẹ́ rẹ̀ nítorí tirẹ̀ ni o!

Kí Màmá tó dé ni a ti hú ilẹ̀ pálọ̀. Àwọn oníṣẹ́ tẹ́ wáyà tó ń gbóná sílẹ̀, wọ́n lọ́ ọ lọ, wọ́n lọ́ ọ bọ̀, wọ́n da símẹ́ńtì lé e, wọ́n sì to táìlì sórí rẹ̀. Lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ri wáyà tín-ín-rín kan mọ́ àárín àwọn wáyà gbígbóná náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti amí. Bí ilẹ̀ bá ti gbóná tó, amí yìí yóò ta thermostat, ẹ̀rọ ara ògiri tó ń darí ooru ilẹ̀, lólobó, thermostat yóò sì pa iná. Mo dúró ti àwọn oníṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ka ìwé ìlànà rẹ̀ bí ẹni tí yóò fi ṣe ìdánwò. Fọlákẹ́ ní òun kò rí ẹni tó ń kọ àlàyé sí etí ìwé ìlànà rí láyé òun.

Nígbà tí Màmá dé, ilẹ̀ náà ń gbóná dáadáa. Kò pẹ́ tó fi tutù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé thermostat ń sọ pé ilẹ̀ ti gbóná tán! Ta wá ni kí n gbà gbọ́, thermostat tàbí ẹsẹ̀ àna mi? Oníṣẹ́ iná wá yẹ wáyà wò, ó ní kò já níbì kankan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo rí báàgì yẹn ní àárọ̀ Sátidé, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èyí tó tutù. Màmá jókòó lórí àga, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora dé ọrùn, ó ń wò mí.

"Dókítà," ó ní. Bó ṣe ń pè mí nìyẹn tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀; ìtàn ni mò ń kọ́ni, n kò fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. "Dókítà, ṣé ijó lò ń jó ni, àbí nǹkan rẹ ló sọnù?"

"Otútù ni mò ń wá, Màmá."

"Otútù? Ó wà lára mi níbí. Wá mú un!"

Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó wá béèrè bóyá mo ti tẹ gbogbo ilẹ̀ náà tán. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àfi ibi àdúrà Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láti ìgbà tí Màmá ti dé ló ti tẹ́ fóòmù kan tó nípọn sẹ́bàá fèrèsé, nítorí orúnkún rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń kúnlẹ̀ sí láràárọ̀. Gbogbo wa ni a máa ń yí i ká kọjá. Àna wo ló máa fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ibi tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀?

"Ibẹ̀ kẹ̀?" ni Màmá wí. "Ibẹ̀ nìkan ló ń gbóná! Mo ṣe bí ẹ mọ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbàdúrà, kí ló fẹ́ mú tiyín gbóná?"

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi. Abẹ́ fóòmù yẹn gan-an ni amí wa wà! Fóòmù ti sé ooru mọ́ ọn lórí, amí wá ń kígbe pé ilẹ̀ fẹ́ jóná, thermostat sì ń torí igbe rẹ̀ pa iná gbogbo pálọ̀. Ìwé ìlànà ti kìlọ̀ pé kí a má ṣe bo ibẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn náà.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé kó kó kúrò níbi àdúrà? Mo dọ̀bálẹ̀ sórí táìlì tútù. Mo tọrọ gáfárà, mo yí ọ̀rọ̀ po, mo ṣàlàyé bí ooru ṣe ń rìn nínú símẹ́ńtì. Màmá dá mi dúró.

"Ṣé fóòmù mi lo fẹ́ kí n gbé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

"O ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀? Dìde ńlẹ̀, kí otútù má wọ̀ ọ́ láyà."

Ó ní Ọlọ́run tó ń gbọ́ tòun láti Ìbàdàn yóò gbọ́ láti inú yàrá.

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ilẹ̀ ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Màmá bọ́ bàtà, ó rìn láti fèrèsé dé kíṣìnì, ó sì padà.

"Hùn," ó ní, "ilẹ̀ yìí ti ronú pìwà dà."

Mo lọ gbé báàgì rẹ̀ padà sí yàrá. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹrù wúwo, ni mo bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Òfìfo ni báàgì náà!

Ọmọ wa obìnrin dé ní oṣù tó tẹ̀lé e. Lórí ilẹ̀ pálọ̀ yẹn ni Màmá ti ń na ẹsẹ̀ méjèèjì, tó ń tẹ́ ọmọ lé e láti wẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá ń wá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ kò gbọdọ̀ fo ibi tí ọ̀wọ̀ kò jẹ́ kó tẹ̀. Bí kò bá lè tẹ̀ ẹ́, kó bi ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi irú ilẹ̀ báyìí sílé, ní Canarsie tàbí níbikíbi, kí ni àwọn àgbà yín ti fi ojú tiyín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á.

Ní ti báàgì yẹn, mo bi Màmá bóyá ó fẹ́ lọ lóòótọ́. Ó ní ṣebí èmi ni olùwádìí. Mo bi Fọlákẹ́, ó kàn rẹ́rìn-ín. N kò tíì mọ̀.