Àlejò Tí Mo Mú Dé Ibi Ìyangàrí

Ẹ̀san tí mo gbà lára ọmọkùnrin kan kò ní ariwo nínú. Mo kàn pè é ní ọmọ mi ni.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, mo padà sí yunifásítì láti kàwé gba oyè másítà. Ohun tí mo lọ kọ́ ni bí ènìyàn àti kọ̀ǹpútà ṣe ń gbọ́ ara wọn yé: ìdí tí ẹlòmíràn fi ń ṣi bọ́tìnnì tẹ̀, àti bí a ṣe lè ṣe fóònù tí kò ní sọ àgbàlagbà di òpè. Ọmọdé pátápátá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lójú mi. Ìyẹn kò dùn mí. Àárín ọmọdé ni mo ti lo ayé mi.

Ohun tó dùn mí bẹ̀rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa, ó ní làákàyè, ẹnu rẹ̀ dùn, òun ló máa ń bá mi gbé báàgì. Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo sọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi gboyè fún un: áàpù tí yóò máa fi ohùn Yorùbá sọ iye tí wọ́n ń ta gàrí lọ́jà fún àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Lálúpọn, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í ka ohun tó wà lójú fóònù. Mo tilẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ fún un.

"Mọ́mì, orí yín mà pé o!" ló wí.

Nígbà tí a tún pàdé ní sẹ́mínà, òun ló kọ́kọ́ dìde. Àwòrán mi ló gbé sára ògiri. Ó kàn kùn ún ní àwọ̀ ewé ni.

Mo nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èrò mi nìyẹn."

Olùkọ́ wa wò mí. "Màmá, ṣé ẹ ti kọ ọ́ wá fún mi rí?"

"Rárá, sà. Mo ń múra rẹ̀ lọ́wọ́ ni."

"A jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wá ló ni ín. Ẹ wá òmíràn kí táàmù tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọkùnrin náà bá mi, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má fajú ro. Ibí kì í ṣe ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí tíṣà ti ń pín bisikíìtì kárí. Ẹ ṣì wúlò fún mi. Ẹ̀yin lẹ máa mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn màmá yẹn, kí wọ́n bá mi dán an wò."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kò burú."

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ ni a ń na ọmọ tó bú ni. A máa ń jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ná.

Èéfín ti gba gbogbo abà lọ́jọ́ tí mo mú un dé ibi ìyangàrí. Èmi ni mo kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ọmọ àwọn obìnrin ibẹ̀ níwèé, mo sì mọ ohun kan nípa wọn tí kò sí nínú ìwé tí à ń kà. Wọn kì í sọ fún àlejò pé ohun tó gbé wá kò dára, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Bí mo bá fẹ́ kí ó gbọ́ òótọ́, ǹ bá sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni, kí wọ́n má wo ojú ẹnikẹ́ni.

Mo kí wọn kú iṣẹ́. Mo ní, "Àlejò mi rèé. Ọmọ mi ni. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan tó gbé wá yìí."

Ó gbé fóònù fún èyí tó dàgbà jù. "Màmá, bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ máa sọ gbogbo ohun tó bá ń wá sí yín lọ́kàn síta." Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.

"Kí n máa dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá náà wò mí. Èmi ń wo èéfín. Ó nu ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó tẹ fóònù, kò dáhùn. Ó tún un tẹ̀. Lójijì ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ìyá sì fà sẹ́yìn.

"Ṣé ó rọrùn, mà?"

"Ó rọrùn, ọmọ mi. Ó dára gan-an. Olúwa á jẹ́ o jèrè iṣẹ́ rẹ."

Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ. Wọ́n tún di gàrí gbígbóná fún un.

"Mọ́mì, ẹ rí i bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹ̀!"

"Mo rí i."

Kò pẹ́ tí èmi nìkan fi padà lọ bá wọn. Mo sọ fún wọn pé n kò bí ọmọkùnrin náà, pé èrò mi ló jí, àti pé bí wọ́n bá gbà, màá gba ohùn wọn sílẹ̀, màá sì gbé e dé iwájú olùkọ́ wa.

"Háà, Tíṣà!" Ìyá àgbà fi igbá ìyangàrí lélẹ̀. "Ṣé kí n sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́, mà."

"Nǹkan yẹn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé!"

"Èmi rò pé ó ń bú mi ni," ni ẹnìkejì wí. "Tí ẹ̀gẹ́ bá wà lọ́wọ́ èèyàn, kò ní dáhùn. Ṣé kí n lọ wẹ̀ kí n tó béèrè iye gàrí ni?"

"Ọmọ yẹn mà rẹwà ṣá."

"Ṣé ẹwà ẹ̀ la fẹ́ dán wò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gàrí ẹnìkan fi jóná.

Lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin náà gbé èsì rẹ̀ kalẹ̀ ní kíláàsì, ó ní gbogbo ẹni tó dán an wò ló yìn ín. Olùkọ́ wa ní ta ló ní ìbéèrè. Mo dìde.

"Ta ló fi ọ́ han àwọn màmá náà?"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì."

"Kí ni mo pè ọ́?"

"Ọmọ yín."

"Ǹjẹ́ o ti rí ibi tí wọ́n ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu ọmọ lójú ìyá rẹ̀ rí?"

Mo wá tẹ ohùn tí mo gbà sílẹ̀. "Bí ẹni tí ajá ń lé" gba gbogbo yàrá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ti máa ń ṣe ní kíláàsì mi. N kò fẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Mo fẹ́ kí ọmọkùnrin náà rí wọn dáadáa ni.

Olùkọ́ wa ní kí ó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi. "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó mú un lọ?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ ò sì sọ fún un?"

"Kò bi mí, sà. Ó ní kí n sáà mú òun débẹ̀ ni."

"Ẹ kọ ìyẹn wá fún mi," ni olùkọ́ wa wí. Báyìí ni mo ṣe rí iṣẹ́ tí mo fi gboyè: ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń yin ohun tí wọn kò lè lò.

Nígbà tó ṣe, ọmọkùnrin náà fi áàpù tó tún ṣe ránṣẹ́ sí mi. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí n tó gbé e lọ. Ṣé ó dára?"

Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo ṣí i. Bọ́tìnnì rẹ̀ ti tóbi, mo gbà fún un. Ajá ṣì ń lé ohùn náà.

Mo nu awò ojú mi, mo fara balẹ̀ tẹ èsì, mo fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: "Ó dára gan-an, ọmọ mi. Olúwa á jẹ́ o jèrè iṣẹ́ rẹ."