Ìyá Agbálẹ̀ àti Etí Erin Ẹnu Ọ̀nà

Tí ẹ bá bá ìyá agbálẹ̀ nídìí etí erin, òdòdó inú ìkòkò ẹnu ọ̀nà, láàárọ̀, ẹ má tíì kí i. Ewé ló ń wò. Ewé náà fẹ̀ bí àtẹ, ó tutù yọ̀yọ̀, ṣóńṣó rẹ̀ sì dojú kọlẹ̀. Bí ẹ̀kán omi bá so rọ̀ ní ṣóńṣó yẹn, ìyá kò ní bomi rin ín lọ́jọ́ náà. Ó ti mu yó nìyẹn. Lẹ́yìn náà, á fi orúnkún ti ìkòkò rẹ̀ díẹ̀, kó lè mọ bó ṣe wúwo tó. Ìyá kò kàwé, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kì í parọ́ fún un.

Ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín. Òun ni aṣọ́nà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ yìí. Ẹ-kú-iṣẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é, torí ó lè kí èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta láti géètì dé àtẹ̀gùn. Òun ń bomi rin ín, ìyàwó ń nu ewé: ọwọ́ kan lábẹ́, ọwọ́ kejì lórí pẹ̀lú àkísà tútù, bí ẹni ń bọ́jú fún ọmọ tuntun.

Ó kú lójijì. Wọ́n sin ín. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìyá padà síbi iṣẹ́.

Oṣù kan kò tíì pé tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Márùn-ún di mẹ́ta, mẹ́ta di méjì. Ọ̀gá obìnrin pè é.

"Màmá, àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá ṣì rí báyìí, ẹ jẹ́ ká gbé e jù nù. Ẹ má bínú."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ọdún mọ́kànlélógún lọkọ rẹ̀ fi ṣọ́ ilé yẹn. Bí wọ́n bá gbé ìkòkò yìí jù nù, kò ní sí ohun tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣe mọ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí ìyá ti bu omi sí i gbẹ̀yìn. Síbẹ̀, ó forúnkún tì í, kò mira. Ó ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀. Ẹrẹ̀ ni. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ń rùn bí ẹ̀yìn balùwẹ̀, òórùn tíì sì wà níbẹ̀.

Lọ́sàn-án, ó jókòó sínú yàrá ìgbálẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, ó ń ṣọ́ ìkòkò. Awakọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó da omi ìgò rẹ̀ sínú ìkòkò.

"Ẹ-kú-iṣẹ́, ẹ mumi," ló wí.

Akọ̀wé tẹ̀lé e pẹ̀lú ife ike tirẹ̀, òun náà da omi sí i. Ìgbà tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ yọ pẹ̀lú ife tíì, ìyá jáde.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà."

Ọ̀gá gbé ife sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ṣúgà. "Màmá, mo rò pé kò sẹ́ni tó ń fún un lómi látìgbà tí Bàbá ti lọ ni."

"Ẹni tó gbìn ín gan-an kì í mu tíì, mà."

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn.

"Ìwọ náà, mo rí ọ," ni ìyá wí. "Odidi ìgò. Ṣé o fẹ́ wẹ̀ fún un ni?"

"Mo rò pé èmi nìkan ni, Màmá."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni akọ̀wé wí.

Ìyá wò wọ́n. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Gbogbo yín lẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí? Ẹ sì ti fẹ́ fomi pa òdòdó rẹ̀."

Ó tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀, ó fi ọ̀rá wé ọwọ́ torí oje rẹ̀ tó máa ń yúnni, ó da ìkòkò dojú dé. Ó fi ọ̀bẹ gé gbòǹgbò tó ti rà títí tó fi kan funfun. Ó gé ewé méjèèjì. Ó fi àtàǹpàkò tẹ iṣu tó wà nídìí rẹ̀.

"Ṣé ó ti kú?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Ó le. Kò kú."

Ó tún tú ẹrẹ̀ wò. Ó rí àwọn ọmọ iṣu níbẹ̀, wọn kò ju èékánná lọ, wọ́n le koko. Mẹ́ta.

"Ẹ mú ife yín wá."

Ó fi ìṣó gún ìdí ife akọ̀wé àti ìgò awakọ̀. Ó wo ife amọ̀ ọwọ́ ọ̀gá.

"Èyí ò ṣeé gún, mà. Ẹ wá agolo."

Ọ̀gá lọ wá agolo. Ìyá fi iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ sí wọn, ó gbin ọmọ iṣu kọ̀ọ̀kan, ó sì dá iṣu ńlá padà sínú ìkòkò. "Kí kálukú mójú tó tiẹ̀. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àlejò kan bèèrè ohun tí ìkòkò tí kò léwé ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ń sinmi ni," ni ọ̀gá dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da nǹkan kan sí i."

Ìyá ń kọjá lọ pẹ̀lú àkísà rẹ̀. Kò tíì séwé láti nù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nu ẹnu ìkòkò.