Ìka Gbígbé Ló Ń Kọ̀wé

Etí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ lọ. Ojú tèmi tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Èmi wà ní Kabba níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba, òun wà nílé wa ní Iyah-Gbede. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí náà tirẹ̀ rọrùn: á sọ ọ̀rọ̀ sínú fóònù, á fi ránṣẹ́, èmi á gbọ́. Èsì tèmi ló ṣòro. Kò lè gbọ́ ọ, àfi kó kà á, ìwé ọwọ́ mi sì ti di ẹsẹ̀ adìyẹ, ìlà kan á gun èkejì.

Ìyàwó mi ló wá ń bá mi tẹ èsì. Ọmọ Ìsánlú ni, aláàánú ènìyàn, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ gígùn. Màá rojọ́ títí, á ní, "Ó ti lọ." Kí ló lọ? "Mo ní ara yín le, ẹ sì ń kí wọn." Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tilẹ̀ wà tí n kò lè gbé fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ọbẹ̀ àná níyọ̀ jù, nígbà tó jẹ́ ẹni tó sè é ló ń tẹ̀ ẹ́?

Lọ́jọ́ kan, ohùn ẹ̀gbọ́n mi dé, ó fi ìkíni ilé wa bẹ̀rẹ̀. "Okun o, àbúrò mi. Látìgbà tí ojú ẹ ti lọ, ìyàwó ẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò rí ọ̀rọ̀ tìẹ kà mọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Ó dùn mí wọra. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí.

Mo pe tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Odò-Ẹrẹ̀. Òun náà ò ríran, ṣùgbọ́n ó ń fi fóònù kọ̀wé. Ó ní kí ìyàwó mi tan ohùn tó ń ka ojú fóònù. Mo ní ìyókù ò le, ṣebí taipíìsì ni mí ní sẹkitéríàtì. Ìgbéraga! Mo gbá gíláàsì ojú fóònù bí ẹni ń lu taipuráítà, fóònù pariwo, ó sì lọ pe pásítọ̀ wa.

Ẹnì kan ní kí n kàn máa sọ̀rọ̀ kí fóònù máa kọ ọ́. Èdè ilé wa kò yé fóònù rárá. Ìyàwó mi ka ohun tó kọ, ó ní kò jọ Yorùbá, kò jọ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo wá dọ́gbọ́n. Lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa, F àti J ní kókó kékeré tí ìka fi ń mọ ipò rẹ̀. Mo ní kí ìyàwó mi bá mi fi gọ́ọ̀mù lẹ hóró ọkà bàbà méjì mọ́ ibi tí wọ́n wà lórí gíláàsì. Ọgbọ́n náà ò pẹ́. Bí nọ́ńbà bá ti yọ lójú fóònù, lẹ́tà á ti kúrò lábẹ́ ọkà mi.

Mo ròyìn fún tíṣà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹ wá ń gbin ọkà sórí fóònù? Ẹ má gbá a mọ́. Ẹ rọra fi ìka rìn lórí ẹ̀, á máa pe lẹ́tà fún yín. Tó bá pe èyí tí ẹ fẹ́, ẹ gbé ìka kúrò. Ìka gbígbé ló ń kọ̀wé."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ọjọ́ yẹn ló tó wọ inú ọwọ́ mi. Ọlọ́run bá mi san án fún tíṣà yẹn.

Ìwé àkọ́kọ́ gbà mí láti ìgbà tí a jẹun àárọ̀ tán títí oòrùn fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, okun o. Èmi fúnra mi ni. Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ọbẹ̀ àná níyọ̀ jù."

Ní ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi wọkọ̀ wá. Ó kí ìyàwó mi, ó ní kó jọ̀ọ́ kó máa lọ sọ́jà, ọ̀rọ̀ àwa méjì ni. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. "Ó yá, kọ ọ́, kí n máa wò."

Mò ń kọ, ó ń kà, ó ń fi ẹnu dáhùn. A rẹ́rìn-ín, a jà díẹ̀. Nígbà tó yá, mo kọ ohun tí n kò lè gbé fún ẹnikẹ́ni kó bá mi gé kúrú. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ pé ojú mi ò ní padà, ẹ̀gbọ́n mi ló fà mí lọ́wọ́ dé ibi ọkọ̀, tó ń pe gbogbo gọ́tà àti òkúta ojú ọ̀nà fún mi. N kò dúpẹ́ rí. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ ṣé tí ẹ mú mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé tèmi lórí gíláàsì. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo lẹ́tà tí ìka rẹ̀ bá kàn. Òun ò gbọ́ ọ. Ó ń bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kí n tó lè kọ èsì, àfi kí n gbé ìka kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé e.