Fóònù Ọjọ́ Sunday

Ẹ̀gbọ́n tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Oak Park, l'Amẹ́ríkà, kì í kọ ẹ̀yìn sí àwòrán kan tó wà ní pálọ̀. Bí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń rìn jáde. Àwòrán ère Búdà, olùdásílẹ̀ ẹ̀sìn Búdà, tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni, èyí tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ní orílẹ̀-èdè Sri Lanka.

"Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́ mi," ni wọ́n wí. "Èèwọ̀ ni kéèyàn kọ ẹ̀yìn sí Búdà."

Ọmọ Sri Lanka ni ọ̀rẹ́ náà, nọ́ọ̀sì lòun náà. Ní 1982, wọ́n jọ lọ wo àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́, wọ́n wo erin tó ń mumi létí adágún. Ọ̀rẹ́ náà dúró ti ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ẹ̀gbọ́n nìkan ló padà sí Amẹ́ríkà. Lọ́dún kejì, ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ kò wá mọ́.

Gbogbo Sunday ni ẹ̀gbọ́n ń pe fóònù ilé ìyá ọ̀rẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó ń gbé e. "Ó ṣì ń dún," wọ́n á ní. "Ilé tó bá jóná, fóònù rẹ̀ kì í dún."

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan gbé e. Ẹ̀gbọ́n béèrè ọ̀rẹ́ wọn, ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé òun.

"Ilé tìẹ kẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. Ọkùnrin náà pa fóònù.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á tún pè.

"Ta ni kí n pè?"